Èé ṣe tí wọ́n fi pe ọ̀rẹ́ mi ṣáájú mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ mà. Aránṣọ ni mí ní Lágèrè, Ilé-Ifẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí wọ́n ti ń fún olùkópa lówó. Wọ́n ní mo wà lára àwọn tó ń dúró. Ọ̀rẹ́ mi tó dé lẹ́yìn mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ẹnì kan wá ní kí n mú ẹgbẹ̀rún méjì náírà wá, òun á bá mi gbé orúkọ mi sókè. Ṣé kí n san án?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀. Olùkópa kì í sanwó kó tó wọ ìwádìí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹni yẹn tó ọ̀gá ìwádìí létí; nọ́ńbà rẹ̀ yẹ kó wà nínú ìwé àlàyé tí wọ́n fún yín. Bí wọn ò bá fún yín níwèé kankan, ẹ fura.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín, ìwé àwọn tó ń dúró kì í ṣe páàkì ọkọ̀ Ìbàdàn, níbi tẹ́ni tó kọ́kọ́ dé ti ń kọ́kọ́ jókòó. Èmi náà ń gba olùkópa sílẹ̀. Ká ní èèyàn 60 là ń wá, ọkùnrin 30, obìnrin 30. Obìnrin a máa tètè wá forúkọ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé àyè tiwọn lè kún ní ọ̀sẹ̀ kejì nígbà tí tàwọn ọkùnrin ṣì ṣófo. Ọkùnrin tó yà wọlé láti Sábó lánàá là ń pè lónìí, kódà bí obìnrin bá ti wà nínú ìwé láti ọjọ́ kìíní. Bí obìnrin bíi tiyín lọ̀rẹ́ yín, ó lè jẹ́ ọjọ́ orí, tàbí oògùn: ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹni tí kò tíì lò ó rí kì í sábà sí lójú kan náà nínú irú ìwádìí báyìí. Bí ẹnì kan bá sì yọwọ́ (ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ìgbàkígbà), irú rẹ̀ la máa ń fi dípò rẹ̀. Prolific, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá olùkópa ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà ń dá èèyàn dúró báyìí, títí olùwádìí á fi nílò irú wọn.

Nígbà míì, fóònù ló fà á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kan nínú ìwé mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fi bírò pupa kọ "kò wọlé". Lọ́jọ́ kẹrin, mo pe ẹni tó kàn.

Ìdúró kan tún wà tó jẹ́ apá kan ìwádìí fúnra rẹ̀. Wọ́n á pín olùkópa sí méjì: àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀, àwọn yòókù á dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gba tiwọn, kí a lè fi wọ́n wéra. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ti fọwọ́ síwèé, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, ẹ ò sí níbẹ̀.

Owó tí wọ́n ń fún olùkópa náà ní alábòójútó. Òfin ìlera ọdún 2014 ní ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìwádìí ìlera gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tó ń wo ẹ̀tọ́ olùkópa, tàbí kó lo ti ibòmíràn. Wọ́n máa ń wò ó kí owó náà má pọ̀ débi tí yóò fi ti èèyàn sínú ohun tí ì bá kọ̀.

Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè bóyá àyè obìnrin ṣì wà, àti bóyá wọ́n máa ń san owó ọkọ̀ fún ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò tí kò wọlé. Bó bá ti sú yín, ẹ ní kí wọ́n pa orúkọ yín rẹ́.