Ìpara jẹ̀díjẹ̀dí: ọjọ́ mélòó ló yẹ kéèyàn fi lò ó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn wa. Aránṣọ ni mí ní Mushin, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo sì máa ń wà láti àárọ̀ di alẹ́. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì ni nǹkan kan yọ sí mi lójú ìdí bí ẹyọ ẹ̀wà. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò nígbà náà sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ní kí n ra ìpara kan, ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tó tún dé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mi ò rí ìpara náà rà mọ́. Ọmọkùnrin tó ń ta oògùn ládùúgbò wa wá fún mi ní ìpara làpálàpá, ó ní iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń lò ó. Ara tù mí lọ́sẹ̀ kìíní, ṣùgbọ́n ní báyìí yíyún rẹ̀ ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí omi bá sì kàn án, á máa ta mí bí ẹni tí wọ́n fi ata sí lójú. Mo tún máa ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára bébà. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi róòbù pa á, kí n sì mu àgbo. Kí ni kí n ṣe?
Aránṣọ, Mushin.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Lónìí gan-an ni kí ẹ jáwọ́ nínú ìpara làpálàpá yẹn. Bí ẹ bá wo ara páálí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí betamethasone tàbí clobetasol níbẹ̀, pẹ̀lú clotrimazole tó ń pa làpálàpá àti neomycin tó ń pa kòkòrò àrùn. Sìtẹ́rọ́ìdì tó lágbára ni àwọn méjì àkọ́kọ́. Sìtẹ́rọ́ìdì máa ń tètè mú kí ojú ibi tó wú rọlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara fi tù yín lọ́sẹ̀ kìíní, ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́ lára, ṣe ló máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn tó ti fi ìpara abóra jẹ ara wọn níyà ní Èkó yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Awọ ojú ìdí kò nípọn, ibẹ̀ kì í sì í gbẹ bọ̀rọ̀, nítorí náà oògùn máa ń wọlé síbẹ̀ ju bó ṣe ń wọ awọ apá lọ. Neomycin pàápàá kì í bá awọ àwọn mìíràn lára mu.

Ìpara tí wọ́n dìídì ṣe fún jẹ̀díjẹ̀dí ni kí ẹ béèrè. Lidocaine inú rẹ̀ ló ń mú kí ojú ibẹ̀ kú kí ó má baà dunni, zinc oxide ń bo awọ kí ìgbẹ́ àti ọ̀rinrin má baà jẹ ẹ́, hydrocortisone tí kò lágbára sì wà nínú àwọn kan fún yíyún. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé sìtẹ́rọ́ìdì ṣẹ̀ṣẹ̀ dà yín láàmú, èyí tí kò ní hydrocortisone ni ó yẹ yín ní báyìí. Ẹlòmíràn tó bá sì lo èyí tó ní in kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 7 láìrí dókítà. Àwọn kan tún ní phenylephrine, tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè kí ó tó lò ó.

Bí ẹ bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán, ẹ fi omi lásán ṣàn ibẹ̀, láìsí ọṣẹ olóòórùn dídùn àti Dettol, kí ẹ wá fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láìfi ra á. Ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ fún ìpara tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sórí ìka, kí ẹ rọra fi pa á yíká, kí ẹ sì tún ọwọ́ fọ̀. Àárọ̀, alẹ́ àti ẹ̀yìn ìgbọ̀nsẹ̀ ti tó. Bí ìdí bá ń ta yín, ẹ jókòó sínú bàsíà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Róòbù kọ́ ni ti ibẹ̀ rárá. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù inú rẹ̀ á jó yín ju ata lọ. Ní ti àgbo, mi ò bá ìyá ọkọ yín jà, àmọ́ èyí tí wọ́n ń kiri ní gáréèjì sábà máa ń mú kí èèyàn yàgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ gbuuru kò sì dára fún ojú ìdí tó ti bó.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa nítorí ayédèrú oògùn, nítorí náà kẹ́míìsì tí apòògùn wà níbẹ̀ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Ìpara kò lè ṣí ìdí yín kúrò lórí àga o. Jẹ̀díjẹ̀dí yìí, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ni, fífi agbára ti ìgbẹ́ jáde nígbà ìgbọ̀nsẹ̀ ló sì sábà máa ń fẹ̀ ẹ́. Ẹ máa dìde nídìí ẹ̀rọ ní wákàtí wákàtí, ẹ máa mu omi, ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ, kí ẹ má sì mú fóònù wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló kù. Àwa Yorùbá máa ń pe ohun púpọ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí, títí kan ẹ̀yìn ríro, àrùn jẹjẹrẹ inú ìfun náà sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ jáde. Nọ́ọ̀sì ti yẹ̀ yín wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba tó súnmọ́ yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí kí wọ́n tún yẹ̀ yín wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí bí ẹ bá ń rù láìnídìí, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ mú páálí ìpara làpálàpá náà dání, kí dókítà lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ẹ ti ń fi pa á.