Ètò Iṣẹ́ Méjì Pé Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Wọ́n Há Nígbà Tí A So Wọ́n Pọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ wa ń ra páálí lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn. A ya ètò iṣẹ́ tiwa ní BPMN (ìlànà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ètò iṣẹ́), àwọn náà ya tiwọn. Kò sí àléébù lára èyíkéyìí, àmọ́ bí a ṣe so wọ́n pọ̀, ó há. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń dúró de ta. Bí tiyín bá ní kí ọjà dé kí ẹ tó sanwó, tí tiwọn sì ní kí owó wọlé kí wọ́n tó kó ọjà, kálukú á máa retí ẹnì kejì títí. Àtúnyà kọ́ ni oògùn èyí, àdéhùn ni: ẹ pinnu iye tí ẹ máa kọ́kọ́ san sílẹ̀, kí ẹ tó padà sídìí àwòrán.

Bí kì í bá ṣe ìyẹn, dáyámọ́ńdì, àmì ibi tí ọ̀nà ti ń pín nínú àwòrán, ni mo fura sí jù. Àwọn ló ń pinnu bóyá wọ́n gba ọ́dà yín, nítorí náà dáyámọ́ńdì alámì X tọ́ sí wọn. Ẹ̀yin tí ìpinnu kò sí lọ́wọ́ yín kò gbọdọ̀ lò ó níbẹ̀. Event-based gateway ni tiyín, dáyámọ́ńdì tó ní róbótó méjì nínú ara wọn àti onígun márùn-ún láàárín. Dídúró ló ń dúró. Mẹ́séèjì tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń yan ọ̀nà. Bí ẹ bá fi X síbẹ̀, ètò yín lè gba ọ̀nà "wọ́n gbà" nígbà tí "wọn ò gbà" ń bọ̀. Ẹ̀yin á wá máa retí páálí tí ẹnikẹ́ni kò gé.

Ẹ fi aago kún un, ká ní ọjọ́ 3. Ṣùgbọ́n aago náà lọ́wọ́ kan ejò nínú: bí àkókò bá pé tí ẹ kọjá lọ, "wọ́n gbà" lè dé ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, wọ́n á sì ti máa gé páálí. Ọ̀nà aago gbọ́dọ̀ fi ìfagilé ránṣẹ́. Tiwọn gbọ́dọ̀ lè gbà á kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ọ́dà, tiyín sì gbọ́dọ̀ lè gba èsì tó pẹ́ dé. Ibí làwọn èèyàn ti máa ń ṣìṣe jù.

Ti ọfà kò le: èyí tí ìlà rẹ̀ kò gé kì í jáde kúrò nínú pool (onígun mẹ́rin ńlá tó dúró fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan), èyí tó gé wẹ́wẹ́ kì í so nǹkan méjì inú pool kan náà.

Àwòrán BPMN kò ní sọ fún yín fúnra rẹ̀ pé ètò máa há. Ẹ sọ ọ́ di Petri net, àwòrán tí àmì ti ń gba inú àpótí kọjá láti róbótó kan sí òmíràn: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á di àpótí, irú mẹ́séèjì kọ̀ọ̀kan á di róbótó láàárín iléeṣẹ́ méjèèjì. Ẹ fi àpótí kan síwájú tó máa bẹ̀rẹ̀ ìhà méjèèjì pọ̀, àti òmíràn sẹ́yìn tó máa kó wọn jọ, kí gbogbo rẹ̀ lè ní ìbẹ̀rẹ̀ kan àti òpin kan. WoPeD, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún Petri net, á wá bá yín yẹ soundness rẹ̀ wò: ibi yòówù tí iṣẹ́ bá dé, ṣé ó ṣì lè parí? Bó bá parí, ṣé àmì kankan kò ṣẹ́kù sẹ́yìn? Ṣé gbogbo àpótí ló lè ṣiṣẹ́? Róbótó mẹ́séèjì tí àmì bá ṣẹ́kù sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Mẹ́séèjì tí kò rí ẹni gbà á nìyẹn.

Wọn ò ní láti fi àṣírí abẹ́lé wọn hàn yín fún àyẹ̀wò yìí. Ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, ohun tí wọ́n ń gbà àti ibi tí ọ̀nà ti ń pín ti tó.