Má tíì ra bọ́ọ̀dù tuntun: wọn 5V rẹ nígbà tí motor ń yí

Àbúrò mi, fowó pamọ́ ná. Ohun tí o kọ ni pé drone rẹ, oní-ínǹṣì 5 tó ń lo bátìrì 4S (sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin), kò ní wàhálà kankan tí o bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Àmọ́ tí o bá ti fi bátìrì sí i, tí o sì gbé throttle (agbára motor) díẹ̀, bọ́ọ̀dù tó ń darí drone (flight controller) á kú, á tún jí. Kọ́ńpáàsì á máa fò kiri, bàrómítà tó ń wọn gíga á sì ní drone ti gòkè nígbà tó ṣì wà nílẹ̀. Oníṣẹ́ tó bá ọ wò ó ní sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́, o wá ń béèrè bọ́ọ̀dù tó yẹ kí o rà.

Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ yẹn bí mi nínú. Ẹni tí kò fi mítà kan ohunkóhun, kí ló fi mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́? Sẹ́ńsọ̀ kì í pa ọ̀rọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó jọ ya wèrè lọ́jọ́ kan náà. Iná ni gbogbo wọn jọ ń jẹ. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Bátìrì 4S tó kún jẹ́ 16.8V. BEC, ẹ̀rọ kékeré tó ń dín iná bátìrì kù, ló ń sọ ọ́ di 5V fún receiver (tó ń gba àṣẹ rímóòtù), GPS àti kámẹ́rà. Regulator kékeré kan á tún sọ 5V yẹn di 3.3V, òun sì ni ọpọlọ bọ́ọ̀dù, gyro (sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí drone ṣe ń yí) àti bàrómítà ń mu. Tí 5V bá rì jù, 3.3V á tẹ̀lé e, bọ́ọ̀dù á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tí o bá so USB, kọ̀ǹpútà ló ń fún un ní 5V, motor kò sì fa nǹkan kan. Nítorí náà, pé ó ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kò dá BEC láre rárá. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, ojú tí wọ́n kọ 4V5 sí máa ń gba iná láti USB, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ 5V sí ń dúró de bátìrì. GPS tí kò tàn lórí USB lè má ní àrùn kankan.

Yọ propeller mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tún un sọ: yọ wọ́n, kí o tó so bátìrì.

Fi mítà sí DC 20V, dúdú lórí GND (ojú nẹ́gẹ́tíìfù), pupa lórí 5V. Kà á nígbà tí bátìrì nìkan wà níbẹ̀, tún un kà nígbà tí VTX (tó ń fi àwòrán kámẹ́rà ránṣẹ́) àti kámẹ́rà bá tàn, lẹ́yìn náà kí o yí motor láti ojú ìwé Motors nínú Betaflight, app tí a fi ń ṣètò bọ́ọ̀dù. 4.9 sí 5.1V dára. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 4.8V, nǹkan kan ń fa ju ti BEC lọ, tàbí ojú lẹ́ẹ̀dì (solder) kan kò mú. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí mítà tàn ọ́ jẹ o! Ìdápọ̀ ló ń fi hàn ọ́, kì í rí iná tó rì fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ìyẹn sì tó láti pa bọ́ọ̀dù. Motor tí kò ní propeller kì í sì í fa tó bó ṣe ń fà lójú ọ̀run. Tí mítà rẹ bá ní bọ́tìnnì MIN/MAX, tó ń pa iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù mọ́, lò ó. Bí kò bá ní in, máa tú ẹrù kúrò lórí 5V lọ́kọ̀ọ̀kan: VTX ni kí o kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà GPS, lẹ́yìn náà kámẹ́rà, kí o máa gbìyànjú throttle lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí o tú tí wàhálà fi dáwọ́ dúró ni kí o dì mú. Ó sábà máa ń jẹ́ VTX. Wo ara rẹ̀: tí wọ́n bá kọ 7–26V sí i, kò ní nǹkan ṣe lórí 5V, gbé e lọ sí 9V tàbí ojú bátìrì.

Ibi tí owó ti máa ń ṣòfò nìyí, àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá kì í sì í dé ibẹ̀. Fi pupa mítà kan pọ́sítíìfù níbi XT60 (plug ńlá bátìrì), kí o fi dúdú kan pọ́sítíìfù lórí bọ́ọ̀dù, ẹ̀gbẹ́ kan náà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí motor máa yí. Ó yẹ kó súnmọ́ òdo. Tí o bá rí 0.2V láìsí propeller pàápàá, iná ń sọnù lójú ọ̀nà: XT60 ti ṣẹ́, tàbí lẹ́ẹ̀dì tutù ló wà níbẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún nẹ́gẹ́tíìfù náà, má fò ó, nítorí GND tí kò dúró ń da gbogbo sẹ́ńsọ̀ rú lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀dì tutù kì í dán. Ó máa ń rí ṣákiṣàki, tàbí kó jókòó lórí ojú bọ́ọ̀dù bí omi lórí ewé kókò. Irin ìjólẹ́ẹ̀dì (soldering iron) 25W ẹnu ṣóńṣó kò lè tún un ṣe, kọ́pà GND á fa ooru rẹ̀ mu tán. Wá irin 60W sókè tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, nǹkan bí 400°C, fi flux (oògùn tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú) sí i, lo lẹ́ẹ̀dì 63/37, kí o dúró títí yóò fi ṣàn.

Kàpásítọ̀ tó ń gba ìfò iná mọ́ra ńkọ́? 35V, 1000µF, low ESR (tí ìdènà inú rẹ̀ kéré), lójú bátìrì lórí ESC (bọ́ọ̀dù tó ń fún motor ní iná) gan-an, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ẹ̀gbẹ́ tó ní ìlà ni nẹ́gẹ́tíìfù. Tí o bá yí i padà, yóò bú. Má ṣe yọ èyí tí wọ́n kọ 16V sí lára rédíò àtijọ́, bátìrì rẹ tó kún ti ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn tí o bá jó lẹ́ẹ̀dì, so gílóòbù bíréèkì ọkọ̀, 12V 21W, sójú ọ̀nà wáyà pọ́sítíìfù kan kí o tó fi bátìrì sí i. Tó bá ṣẹ́jú kó tó kú, ó dára. Tó bá tàn gbòò tí kò kú, wáyà méjì ti pàdé níbì kan, tètè yọ bátìrì.

Bátìrì ńkọ́? Ka sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lójú plug kékeré funfun yẹn. Èyí tó ń rì sí 3.3V nígbà tí àwọn tó kù wà ní 3.7V ti rẹ̀. Bátìrì 1500mAh, 1.5A ni kí o fi cháàjì rẹ̀, má sì fi í sílẹ̀ lórí jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò kí o lọ sùn. Èyí tó bá ti wú, má lò ó mọ́. Tí o kò bá ní fò fún ọjọ́ mélòó kan, fi í sí 3.8V sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí iná bá dúró, kọ́ńpáàsì ló kàn. Tẹ status nínú CLI, ojú ìwé àṣẹ nínú Betaflight, kí o wo I2C Errors (àṣìṣe ọ̀rọ̀ láàárín bọ́ọ̀dù àti kọ́ńpáàsì). Tí nọ́ńbà yẹn bá ń pọ̀ sí i bí motor ṣe ń yí, SDA àti SCL, wáyà méjì tí kọ́ńpáàsì fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ti súnmọ́ wáyà bátìrì jù. Tí kò bá pọ̀ sí i, àmọ́ tí àríwá ṣì ń yí bí throttle ṣe ń gòkè, agbára òòfà inú wáyà bátìrì ló ń fà á. Calibration (títún kọ́ńpáàsì ṣètò) kò lè wo ìyẹn sàn láéláé, nítorí o ṣe é nígbà tí motor sùn. Lọ́ pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ra wọn, gbé GPS tí kọ́ńpáàsì wà nínú rẹ̀ sókè nǹkan bí 10 cm, kí o fi skúrù ike rọ́pò ti irin. Ìgbà yẹn ni kí o wá ṣe calibration, ní pápá, jìnnà sí ọkọ̀ àti kọnkéré onírin. Bàrómítà kò le: fi fóòmù ẹlẹ́nu-ihò bò ó kí afẹ́fẹ́ propeller àti oòrùn má bà á, kí o má da gọ́ọ̀mù sínú ihò rẹ̀.

Bọ́ọ̀dù tí o béèrè, ìgbà tí 3.3V bá dúró gbọn-in tí status sì ń kọ NOGYRO (kò rí gyro) ni kí o rà á. Wọn ihò ìdè rẹ, bóyá 30.5 mm ni tàbí 20 mm. Okùn tó so bọ́ọ̀dù mọ́ ESC kì í tò bákan náà lọ́dọ̀ gbogbo ilé-iṣẹ́, VBAT (iná bátìrì) lè bọ́ sí ojú signal kó sì jó o kí o tó mí. Kan wáyà kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú mítà, láti ẹnu kan dé ẹnu kejì, kí o tó ki í bọ ibẹ̀.