Àwo Fáyólìnì Ọdún 1903

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan fi àwo àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi, níbi tí Joseph Joachim, gbajúmọ̀ atafáyólìnì ayé àtijọ́, ti ta Adagio (apá tí wọ́n ń ta jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́) inú Sonata àkọ́kọ́ tí Bach kọ fún fáyólìnì nìkan. Ariwo inú rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń din àkàrà, ohùn náà sì ń yọ̀ káàkiri. Èmi náà ń ta fáyólìnì nínú ìjọ wa. Bí mo bá ta á báyìí, ọ̀gá akọrin wa yóò bínú. Kí ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi ń yìn ín? — Olùkà yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ariwo àkàrà yẹn kò ti ọwọ́ Joachim wá. Nígbà tí ó gba orin náà sílẹ̀ ní Berlin, kò tíì sí maikirofóònù nínú iṣẹ́ àwo. Iwájú ẹnu arọ ńlá kan ni olórin máa ń dúró sí, agbára ìró rẹ̀ nìkan ni yóò sì mi abẹ́rẹ́ tí ń fín ìlà sára ìda, nítorí náà ohùn tó bá rẹlẹ̀ jù a máa sọnù. Ìyára tí wọ́n fi ń yí àwo nígbà náà kò dọ́gba pẹ̀lú, bí ẹni tó ṣe ẹ̀dà tiyín bá sì yí i sáré jù, ohùn rẹ̀ á ga ju bó ti yẹ lọ.

Yíyọ̀ ohùn yẹn gan-an ni ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀. Joachim mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni: ìka rẹ̀ ń wọ́ lórí okùn kan náà láti ohùn kan dé èkejì láìgbéra, bí onídùndún ṣe ń fún ọsán ìlù rẹ̀ kí ohùn lè gòkè. Bí ó bá sì dúró lórí ohùn kan, kì í sábà gbọ̀n ọ́n bí àwọn ti òde òní. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ fáyólìnì tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, Andreas Moser, gbé jáde ní 1905, wọ́n kìlọ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe sọ gbígbọ̀n ìka di bárakú. Ẹ tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, níbi tí Bach ti to ohùn mẹ́rin léra wọn: ọrun tí a fi ń ta fáyólìnì kò lè di okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú pọ̀, nítorí náà ó ní láti tú wọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí Joachim sì ṣe ń fi àkókò ṣeré níbẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni ọdún 72 ni nígbà náà, létí tèmi ọjọ́ orí sì hàn nínú ohùn mélòó kan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé bí Bach ṣe ń ta á nìyẹn. Ọdún 1720 ló wà lára ìwé orin mẹ́fà fún fáyólìnì nìkan, tí Sonata yìí wà nínú rẹ̀, tí Bach fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó kú ní 1750, a sì bí Joachim ní 1831. Àṣà àwọn olórin ìgbà Mendelssohn, akọ̀wé orin tó tọ́ Joachim sọ́nà nígbà èwe, àti ti Brahms, akọ̀wé orin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ẹ ń gbọ́ níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yehudi Menuhin, atafáyólìnì tí ó gba gbogbo orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú ìwé Bach náà sílẹ̀ láàárín 1934 sí 1936, nígbà tí maikirofóònù ti dé. Ní ti ọ̀gá akọrin yín, ẹ má dán an wò lọ́jọ́ Àìkú.