Ìwé Amẹ́ríkà, Ọmọ Òṣogbo: Kí Ló Yẹ Ká Yí Pa Dà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń bójú tó l'Óṣogbo. A ra ìwé kan láti Amẹ́ríkà tó ń kọ́ ọmọ bí yóò ṣe mọ ohun tó ń ṣe é lọ́kàn, tí yóò sì lè bá ẹlòmíràn gbé. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí àwọn òbí. Wọ́n ní a ń kọ́ ọmọ àwọn láti máa wo àgbà lójú. Ṣé ká dá a dúró ni?

Ìdáhùn: Ọ̀gá wa, ẹ má dá a dúró. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà fẹ́ kí ọmọ lè ṣe yàtọ̀ sí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ CASEL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994, tí púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé, ka nǹkan márùn-ún: kí ọmọ mọ ara rẹ̀, kó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kó máa ro ti ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀, kó mọ bá a ṣe ń bá èèyàn rẹ́, kó sì máa ronú kó tó ṣe nǹkan. Òbí wo ló máa ní òun ò fẹ́ ìyẹn? Àpẹẹrẹ inú ìwé ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ tó dá lórí ìbínú. Ìwé á ní kí ọmọ wo ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ lójú, kó ní, "Inú bí mi nígbà tí o ṣe báyìí." Láàárín ẹgbẹ́, kò burú, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi eré kejì kún un: ká ní tíṣà ló na ọmọ lórí ohun tí kò ṣe ńkọ́? Ọmọ á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á gbójú sílẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ó dùn mí ni, torí èmi kọ́ ni mo ṣe é." Bí kò bá lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa wá àgbà mìíràn tó lè bá a sọ ọ́. Ó ti sọ ohun tó ń dùn ún, kò sì rí ẹnikẹ́ni fín. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí wá wo eré yìí.

Ẹ ṣọ́ra o, kí ẹ má lọ sọ gbogbo ìwé náà di "bọ̀wọ̀ fún àgbà". Ọmọ tí a kọ́ láti dákẹ́ fún gbogbo àgbà ló máa dákẹ́ nígbà tí àgbà bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Níbi ẹ̀kọ́ ààbò ara, ẹ má yọ nǹkan kan: kí ọmọ pariwo, kó sá, kò sí ìkúnlẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn òbí bẹ́ẹ̀, láìfi bò.

Kí àwọn ọmọ kékeré máa fi Yorùbá sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, fi hàn pé kò fa ọmọ sẹ́yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má sì náwó sórí fọ́ọ̀mù tuntun tí ẹ ó fi máa díwọ̀n ìwà ọmọ. Àyè rẹ̀ ti wà lórí káàdì èsì ìdánwò wa. Gbogbo wa la kúkú mọ bí àwọn tíṣà ṣe ń kọ ọ́: bí ìpàdé òbí bá ku ọ̀la, wọ́n á kàn to máàkì ìwà síbẹ̀, 4, 4, 5, 4, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí tíṣà kọ ohun tó fojú rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà: "Ó la àwọn méjì tó ń jà."

Kí ẹ tó tẹ eré tuntun mọ́ ìwé náà, ẹ ka àdéhùn tí ẹ bá àwọn tó ni ín ṣe. Ó lè jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ.