Kí nìdí tí IKEA, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ohun èlò ilé, fi ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà dá kọ́bọ́ọ̀dù Malm padà?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, IKEA àti àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà kéde pé kí ẹni tí kò bá tíì so kọ́bọ́ọ̀dù Malm àti irú rẹ̀ mọ́ ògiri má lò ó mọ́, nítorí pé bí ọmọdé bá fa àpótí inú rẹ̀ jáde tí ó sì gùn ún, odindi kọ́bọ́ọ̀dù náà lè wó lù ú. Àwọn ọmọ kan ti kú nípa bẹ́ẹ̀. Àwọn kọ́bọ́ọ̀dù tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó mílíọ̀nù 29 ní Amẹ́ríkà nìkan. Nígbà náà, oníbàárà lè gba owó padà, tàbí kí wọ́n fún un ní irin tí a fi ń dè é mọ́ ògiri lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú tèmi, owó ló yẹ ayálégbé tí onílé kò jẹ́ kí ó lu ògiri.