Ẹ Bi Wá: Íntánẹ́ẹ̀tì ti dé oko, gbogbo abúlé sì ti mọ password

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oko adìyẹ wa wà lọ́nà Ìsẹ́yìn, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi níbẹ̀ la ṣe lọ ra Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wá látọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì lókè. Ó yára o, àmọ́ ó máa ń já ṣáá, mi ò sì rí kámẹ́rà oko wò láti Ìbàdàn. Àwọn òṣìṣẹ́ tún ti pín password káàkiri. Kí ni kí n ṣe?
— Ìyá Ẹlẹ́yin, Ìbàdàn

Màmá, ẹ kú ìnáwó. Jíjá yẹn, igi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyẹn kì í dúró sójú kan, nǹkan bíi kìlómítà 550 ni wọ́n wà lókè tí wọ́n ń sáré kọjá, torí náà àwo yín gbọ́dọ̀ rí sánmọ̀ tó fẹ̀, ẹ̀ka máńgòrò kan péré tó láti já a. Ẹ ṣí app ẹ̀, ẹ wo obstruction, ìyẹn ohun tó ń dí àwo lójú, ibi tó bá pupa nigi wà. Ẹ má gé igi o, ẹ gbé àwo gun òpó.

Kámẹ́rà ńkọ́? Ẹni tó ṣe é fún yín á ti ní kẹ́ ẹ ṣí port, ìyẹn ilẹ̀kùn lórí router tẹ́ ẹ máa gbà wọlé látìta. Kò lè ṣiṣẹ́! Plan tí wọ́n ń tà fún ilé, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń pín àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo (IPv4), bí ilé face-me-I-face-you, ará ìta ò lè mọ yàrá yín. Tailscale ni kẹ́ ẹ lò, app tó ń so àwọn ẹ̀rọ yín pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kì í kú lóko, kẹ́ ẹ tún fi sórí fóònù yín, kọ̀ǹpútà yẹn lá máa mú yín dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà. Ẹ jọ̀ọ́, password tí kámẹ́rà bá wá látilé iṣẹ́, ẹ yí i lónìí.

Ti wifi, ẹ má bá òṣìṣẹ́ jà, wọ́n á ṣáà tún pín in ni. Ẹ ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí méjì: POS, ìwé owó àti kámẹ́rà lórí ọ̀kan tẹ́ ẹ̀yin àti akọ̀wé nìkan mọ̀, àwọn yòókù lórí guest, ìyẹn wifi àlejò tó ní password tiẹ̀. Bí router yín ò bá ní guest, ẹ ra òmíì, kẹ́ ẹ fi ti Starlink sí bypass, kó lè fi iṣẹ́ router sílẹ̀ fún tuntun yẹn.

Iná náà ṣe pàtàkì o. Àwo yẹn ń jẹ tó wọ́ọ̀tì 75 sí 100, bátìrì inverter 100Ah ẹyọ kan, irú èyí tí wọ́n ń bu omi sí yẹn, ò ní gbé e mọ́jú. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ máa pa á lálẹ́ kó má baà jẹ bátìrì, ẹ má gbà, òru lolè ń wá kó adìyẹ.